Bí Fóònù Ṣe Ń Fọhùn Tó Sì Ń Gbọ́: Àlàyé Nípa Ẹ̀rọ Transceiver

Rédíò inú yàrá ìgbàlejò kò mọ̀ ju kó gbọ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ rédíò ń fọhùn, rédíò ń gbà á, kò sì sí ọ̀nà tí rédíò náà lè gbà dá ilé-iṣẹ́ náà lóhùn. Ti fóònù yàtọ̀, nítorí pé bó ṣe ń gba ìgbì rédíò láti orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni òun náà ń fi ìgbì tirẹ̀ ránṣẹ́ padà sí òpó yẹn. Ẹ̀rọ tó bá ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ báyìí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní transceiver. Ó wà nínú fóònù, ó wà nínú ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń gbowó lẹ́bàá títì, ó wà nínú walkie-talkie ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́, ó sì wà nínú ẹ̀rọ Wi-Fi àti Bluetooth.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé fífi ìgbì ránṣẹ́ ló le nínú iṣẹ́ yìí, torí pé òun ló ń jẹ bátìrì, òun náà ló sì ń mú kí fóònù gbóná. Lóòótọ́, gbígbọ́ ló le jù. Fóònù gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀ kọjá ohun tí èèyàn lè fọkàn rò, láàárín ariwo púpọ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ara rẹ̀. Nítorí ìṣòro kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ṣe fi ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ẹ̀yà transceiver síbi tí wọ́n wà, ẹni tó bá sì di ìṣòro náà mú kò ní ṣìnà nínú ìyókù ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìgbì rédíò jẹ́. Bí iná mànàmáná bá ń lọ tó ń bọ̀ kíákíá nínú wáyà, ipa rẹ̀ kì í mọ sínú wáyà náà. Agbára iná àti agbára òòfà tó yí wáyà ká máa ń já kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sì máa rìn lọ nínú òfuurufú ní ìgbì-ìgbì, ní eré 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí í ṣe eré ìmọ́lẹ̀ gan-an. James Clerk Maxwell, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló fi ìṣirò fi hàn ní àwọn ọdún 1860 pé irú ìgbì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Heinrich Hertz ló dá a sílẹ̀ tó sì gbà á padà nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ ní ìlú Karlsruhe ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1887. Orúkọ Hertz yìí ni a fi ń ka iye ìgbà tí ìgbì ń mì: ìmì kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni hertz kan, mílíọ̀nù kan rẹ̀ sì ni megahertz kan. Iye ìmì yìí ni à ń pè ní fíríkúẹ́ńsì. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ní kí ẹ wà pẹ̀lú òun lórí 105.5 FM, ohun tó ń sọ ni pé iná tó wà nínú áńtẹ́nà ilé-iṣẹ́ wọn ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù márùn-úndínláàádọ́fà àti ààbọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí fíríkúẹ́ńsì bá ṣe ń ga sí i ni gígùn ìgbì kọ̀ọ̀kan ń kúrú sí i. Ìgbì FM gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Ìgbì 900 megahertz tí GSM, ìyẹn ètò fóònù alágbèéká ìran kejì (2G), ń lò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 33. Ti Wi-Fi tó wà ní 2,400 megahertz kò ju sẹ̀ǹtímítà méjìlá àti ààbọ̀ lọ. Áńtẹ́nà máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí gígùn rẹ̀ bá tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì tó ń lò, ìdí sì nìyí tí ọ̀pá rédíò ara ọkọ̀ àtijọ́ fi gùn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mítà, tí áńtẹ́nà fóònù fi lè fara pamọ́ sínú ara fóònù tí a kò sì rí i. Ohun kan náà ló fà á tí a kò fi lè kàn sọ ohùn ènìyàn di ìgbì ká sì fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Ohùn ènìyàn bí fóònù ṣe ń gbé e wà láàárín hertz 300 sí 3,400. Ìgbì rédíò tó bá wà ní hertz 3,000 gùn ní 100 kìlómítà, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 25, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọ̀nà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Kò sí ẹni tó lè gbé áńtẹ́nà bẹ́ẹ̀ sápò.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí wọ́n wá ìgbì mìíràn tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ ga, kí wọ́n sì fi ohùn náà sára rẹ̀ bí ẹrù. Ìgbì tó ń ru ẹrù yìí kò ní ìtumọ̀ kankan fúnra rẹ̀. Ìyípadà tí wọ́n bá ṣe sí i ni ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú AM, agbára ìgbì náà ni wọ́n ń mú ga tí wọ́n ń mú relẹ̀ bí ohùn bá ṣe ń lọ. Nínú FM, agbára rẹ̀ kì í yí padà, fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ ni wọ́n ń sún sókè sún sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti fóònù GSM tún lọ síwájú ju èyí lọ, nítorí pé wọn kì í fi ohùn gan-an sórí ìgbì mọ́. Fóònù á kọ́kọ́ sọ ohùn di òdo àti ọ̀kan, á fún un pọ̀ títí tí kò fi ní ju nǹkan bí 13,000 òdo àti ọ̀kan lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà ni á wá máa sún fíríkúẹ́ńsì ìgbì rẹ̀ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ láti fi sọ èyí tó jẹ́ òdo àti èyí tó jẹ́ ọ̀kan. Nínú 4G, wọ́n ń yí agbára ìgbì padà, wọ́n sì ń yí àkókò tí ìmì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé ìyípadà kan ṣoṣo lè ru òdo àti ọ̀kan mẹ́fà tàbí mẹ́jọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Bí ariwo bá pọ̀, fóònù á dín ẹrù náà kù sí méjì, torí pé ẹrù tó bá pọ̀ lórí ìgbì kan ṣòro láti tú palẹ̀ láàárín ariwo. Ìdí nìyí tí fídíò fi ń lọ́ra níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dán mọ́rán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù kò tíì já kúrò lórí òpó.

Apá tó ń fi ìgbì ránṣẹ́ kò le láti lóye. Ó ní orísun ìgbì kan tó ń dá ìgbì tó fẹ́ lò sílẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n ti ń di ẹrù òdo àti ọ̀kan lé e, ó ní ampílífáyà tó ń fún un lágbára, lẹ́yìn èyí ni ìgbì náà á bọ́ sínú áńtẹ́nà. Ampílífáyà yìí ni bátìrì ń ṣiṣẹ́ fún jù nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, apá kan iná tó ń gbà ló sì ń di ooru tí a ń rí lára fóònù. Ní 900 megahertz, agbára tó ga jù tí òfin GSM gbà kí fóònù alágbèéká fi ránṣẹ́ ni wáàtì méjì.

Ẹ wá wo ohun tó ń dé etí fóònù. Ìgbì tó kúrò lórí òpó kì í lọ tààrà bí okùn. Ńṣe ló ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ, débi pé bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, agbára tó bá áńtẹ́nà kan náà á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, èyí sì jẹ́ ní gbangba tí kò ti sí ìdènà. Láàárín ìlú tí ilé, igi àti òkè wà, ó ń dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà GSM sọ pé fóònù gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ohùn tí agbára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.00000000000006 wáàtì lọ, kó sì lóye rẹ̀. Ẹ fi èyí wé wáàtì méjì tí fóònù kan náà lè fi ránṣẹ́: ariwo tó ń pa fi nǹkan bí ọgbọ̀n tírílíọ̀nù ìgbà ju ohùn tó ń wá etí sí lọ. Ẹnu fóònù, ìyẹn apá tó ń fi ìgbì ránṣẹ́, àti etí rẹ̀, ìyẹn apá tó ń gbà á, ń lo áńtẹ́nà kan náà, wọn kò sì jìnnà síra ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ lórí pátákó inú fóònù. Bí díẹ̀ péré nínú ohun tí ẹnu ń sọ bá ṣèèṣì ta sí etí, etí náà á di, kò sì ní gbọ́ ohunkóhun láti orí òpó.

Walkie-talkie ní ojútùú tó rọrùn jù: ẹni tó ń lò ó ló ń yàn. Bó bá tẹ bọ́tìnnì, áńtẹ́nà á so mọ́ ẹnu. Bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀, áńtẹ́nà á padà so mọ́ etí. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ fi máa ń sọ “over” bí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀, kí ẹni kejì lè mọ̀ pé òun ti lè tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kò lè sọ̀rọ̀ pọ̀, ẹni tó bá sì gbìyànjú láti já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì rẹ̀ kò ní rí ẹni gbọ́ ọ, torí pé etí ẹni yẹn ti pa títí tó fi máa ju bọ́tìnnì sílẹ̀.

Wi-Fi ń ṣe ohun kan náà láìsí bọ́tìnnì. Ó ń fọhùn fún ìwọ̀nba àkókò tó kéré gan-an, á dákẹ́, á tẹ́tí, á tún fọhùn, gbogbo rẹ̀ lórí fíríkúẹ́ńsì kan náà, kíákíá débi pé ẹni tó ń lò ó kò lè fura. Báyìí náà ni 5G tó wà ní 3,500 megahertz ṣe ń ṣe, èyí tí Àjọ NCC, tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ta ní gbàǹjo ní Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá ọdún 2021.

GSM, tó dé Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, fi ọgbọ́n méjì pọ̀. Àkọ́kọ́, ó ya fíríkúẹ́ńsì ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára ti etí. Fóònù ń fọhùn láàárín 890 sí 915 megahertz, òpó sì ń fọhùn láàárín 935 sí 960, débi pé megahertz 45 ló máa ń wà láàárín ìgbì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀. Èkejì, fóònù kì í fọhùn ní àkókò tó ń gbọ́. Wọ́n pín àkókò orí fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́jọ, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 577 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì fún fóònù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Fóònù á gbọ́ nígbà tirẹ̀, á dúró díẹ̀, á fọhùn, á tún dúró, á tún gbọ́. Ènìyàn mẹ́jọ lè máa sọ̀rọ̀ lórí fíríkúẹ́ńsì kan ṣoṣo láìsí ẹni tó gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹni tó bá ti gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò tàbí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì rí ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ètò yìí. Kí fóònù tó dún rárá ni sípíkà á ti máa han “dí-dí-dít, dí-dí-dít”, tí gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé ìpè ń bọ̀ fún ẹnì kan. Òpó ló ti ké sí fóònù náà láìdún, tí fóònù sì ń fọhùn padà láti sọ pé òun wà níbí, tagbáratagbára, ní àkókò kékeré tirẹ̀, nígbà mẹ́tàdínlógúnlélúgba láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ 900 megahertz, ṣùgbọ́n ó lè gbọ́ ohun tó ń tàn tó ń kú ní ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Wáyà sípíkà ló ṣe bí áńtẹ́nà, tó gba ìgbì náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ampílífáyà sì sọ ọ́ di ohùn. Fóònù tó bá wà lórí 3G kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, torí pé ìgbì tirẹ̀ kì í tàn kí ó kú bí ti GSM.

4G tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa kò sinmi rárá. Ó ń fọhùn, ó sì ń gbọ́ ní àkókò kan náà, lórí fíríkúẹ́ńsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Níbí ni iṣẹ́ asẹ́ ìgbì ti hàn jù. Ẹ̀yà kékeré kan, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ló ń dúró láàárín áńtẹ́nà àti etí, tó ń jẹ́ kí ìgbì òpó kọjá, tó sì ń dá ìgbì ẹnu fóònù padà. Bó ṣe ń ṣe é jẹ́ ohun ìyanu fún mi títí di òní. Ìgbì rédíò tó bá wọ inú rẹ̀ á di gbígbọ̀n gidi lórí òkúta tín-ínrín kan, gẹ́gẹ́ bí ohùn ṣe ń gbọ̀n nínú irin tí a lù. Wọ́n ti gé òkúta náà, wọ́n sì ti to irin tín-tìn-tín sójú rẹ̀ lọ́nà tó fi jẹ́ pé ìwọ̀n gbígbọ̀n tó bá ti etí mu nìkan ló lè rìn dé ìpẹ̀kun, ìyókù á pa ara wọn lójú ọ̀nà. Ní ìpẹ̀kun, gbígbọ̀n yẹn á tún padà di iná mànàmáná. Nítorí pé gbígbọ̀n ń lọ́ra gan-an lórí òkúta ju bí ìgbì rédíò ṣe ń sáré nínú òfuurufú lọ, gígùn ìgbì náà á kúrú débi pé ohun tí ì bá gba ààyè ńlá lè wà lórí ohun tí èèyàn lè fi èékánná gbé.

Lẹ́yìn asẹ́ ni ampílífáyà àkọ́kọ́ wà. Ẹnì kan lè béèrè pé bí ohùn bá rẹlẹ̀, kí ló dé tí a kò kàn fi ampílífáyà gbé e ga títí yóò fi tó? Ìdáhùn ni pé ampílífáyà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ariwo. Gbogbo ohun tó bá bá ní ẹnu ọ̀nà ló ń gbé ga pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ariwo wà níbi gbogbo. Ohun gbogbo tó bá ní ooru lára, tó fi mọ́ wáyà inú fóònù fúnra rẹ̀, ń pa ariwo rédíò, torí pé ooru ń mú kí àwọn ẹ̀tín-ìntín iná inú rẹ̀ máa jà káàkiri. Ampílífáyà àkọ́kọ́ náà ń fi ariwo tirẹ̀ kún un, ariwo tó bá sì wọlé níbẹ̀ kò ní jáde mọ́, nítorí pé gbogbo ampílífáyà tó tẹ̀ lé e á máa gbé òun náà ga. Nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí fi ń ṣe wàhálà lórí ampílífáyà àkọ́kọ́ yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ. Àwọn onímọ̀ nípa ìràwọ̀, tó ń gbọ́ ìgbì rédíò láti òfuurufú jíjìn, máa ń fi gáàsì helium mú tiwọn tutù gan-an kí ariwo ooru lè dákẹ́.

Ìgbì náà ṣì wà ní 900 megahertz, ó sì ń sáré jù fún ẹ̀rọ ìṣirò láti máa kà á bó ṣe wà láìjẹ bátìrì tán. Ó yẹ kí wọ́n fà á wálẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fà á wálẹ̀ lè rú ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó láàárín ṣọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ ti gbọ́ ọ rí. Bí eré jẹnẹrétọ̀ méjèèjì kò bá dọ́gba tán, tí ọ̀kan ń yí díẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ ó gbọ́ ohùn kẹta tí kò wá láti inú èyíkéyìí nínú wọn: wúù, wúù, wúù, tó ń ga tó ń relẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín eré méjèèjì ni ohùn kẹta yẹn ń kà. Bí ọ̀kan bá ń dún ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí èkejì ń dún ní ìgbà 49, ohùn kẹta á ga á sì relẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní míkísà ń ṣe nìyẹn. Fóònù ń dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ara rẹ̀, míkísà á fi ìgbì yìí pọ̀ mọ́ èyí tó wọlé, wọ́n á sì bí ìgbì tuntun tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹrù tó wà lórí ìgbì tó wọlé á bá a lọ sórí ìgbì tuntun náà láìdín kù. Edwin Armstrong, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní ọdún 1918 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ológun ní Paris, òun kan náà ló sì tún ṣe FM jáde lẹ́yìn náà. Títí di òní, ọ̀pọ̀ rédíò FM ń fa gbogbo ilé-iṣẹ́ wálẹ̀ sí 10.7 megahertz. Bí a bá yí i sí 105.5, rédíò náà á dá ìgbì 116.2 sílẹ̀ nínú ara rẹ̀. Bí a bá yí i sí 93.5, á dá 104.2 sílẹ̀; ìyàtọ̀ kò ní yẹ̀ kúrò lórí 10.7. Èrè rẹ̀ ni pé asẹ́ kan ṣoṣo tó dára, tí kò yí padà, ló tó fún gbogbo ilé-iṣẹ́. Fóònù òde òní sábà máa ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń dá ìgbì tó bá ti òpó dọ́gba gẹ́lẹ́ sílẹ̀, kí ìyàtọ̀ lè di òdo, kí ohun tó kù sì jẹ́ ẹrù nìkan, tí ẹ̀rọ ìṣirò á wá sọ di nọ́ńbà, tí á sì tú palẹ̀.

Gbogbo èyí dúró lórí pé kí ìgbì tí fóònù dá sílẹ̀ péye. Òkúta quartz kékeré kan ló ń ṣe olórí fún un, tó ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 26 láàárín ìṣẹ́jú àáyá nínú ọ̀pọ̀ fóònù, tí ẹ̀yà mìíràn sì ń sọ gbígbọ̀n náà di ìlọ́po títí á fi tó 900 tàbí 1,800 megahertz. Àmọ́ oòrùn ọ̀sán, àpò ṣòkòtò àti afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ń yí eré òkúta yìí padà. Ìlànà GSM kò gbà kí fóònù yẹ̀ ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ, èyí tó jẹ́ hertz 90 lórí 900 megahertz. Òkúta tí kò wọ́n kò lè péye tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí fóònù ń ṣe ni pé ó ń gbọ́ òpó, tó ní aago tó péye gan-an, ó sì ń fi ti òpó tún tirẹ̀ ṣe lemọ́lemọ́. Gbígbọ́ ló tún ṣíwájú níbí: fóònù tí kò bá tíì gbọ́ òpó kò ní àṣẹ láti la ẹnu.

Ohun kan tó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé bí èèyàn bá sún fóònù díẹ̀ nínú yàrá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dé tàbí kó lọ. Ìgbì òpó kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo wá. Ọ̀kan lè gba ojú fèrèsé wọlé, òmíràn lè ti ara ògiri ilé kejì padà wá, òmíràn lè ti ara páànù òrùlé wá. Bí wọ́n bá pàdé níbi tí òkè ìgbì kan ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìgbì kejì, wọ́n á pa ara wọn, ibi tí wọ́n ti pa ara wọn àti ibi tí wọ́n ti ran ara wọn lọ́wọ́ sì lè wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdajì gígùn ìgbì síra. Lórí 900 megahertz, ìdajì yẹn kò ju sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Nítorí náà, ẹni tó gbé fóònù láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí tábìlì kí ọ̀rọ̀ lè ja geere kò ṣe ohun tí kò nítumọ̀.

Òpó àti fóònù tún máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa bí ohùn ṣe yẹ kó ga tó. Bí fóònù bá sún mọ́ òpó, òpó á ní kó rẹ ohùn sílẹ̀, láti wáàtì méjì wá sí nǹkan bíi mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún wáàtì kan. Bó bá jìnnà, tàbí tó wà nínú ilé oníbúlọ́ọ̀kù tó ní irin púpọ̀, òpó á ní kó gbé ohùn ga. Èyí ló fà á tí bátìrì fi ń tètè lọ sílẹ̀ ní abúlé tí òpó rẹ̀ jìnnà, tí fóònù sì ń gbóná létí bí a bá pẹ́ lórí ìpè. Òpó tún ń sọ fún fóònù pé kó yára fọhùn ṣáájú àkókò rẹ̀ díẹ̀ bó bá jìnnà, torí pé ìgbì ń lo àkókò lójú ọ̀nà, ohùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé nígbà tí wọ́n fún un láìjẹ́ kó já lu ti ẹlòmíràn. Ìwọ̀n tí wọ́n fi sílẹ̀ fún yíyára yìí nínú GSM kò gbà ju nǹkan bíi kìlómítà 35 lọ. Kódà bí ọ̀nà bá mọ́ gaara láàárín fóònù àti òpó, ìpè kò ní lọ kọjá ibẹ̀ bí wọn kò bá ṣètò òpó náà lọ́nà àkànṣe.

GPS inú fóònù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fóònù ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wo máàpù. Àwọn sátẹ́láìtì GPS, tó wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, ń fọhùn láìdúró, fóònù ń gbọ́ wọn, ó sì ń ṣe ìṣirò ibi tó wà. Kò fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí wọn, kò sì ní agbára tó lè fi ṣe é. Dátà tí máàpù ń jẹ jẹ́ ti àwòrán máàpù tí fóònù ń gbà láti orí òpó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókè ojú fóònù, èyí tí mo rò pé òun ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ìlà lè kún tán kí ìpè má lọ, wọ́n á sì gbà pé fóònù náà ti bàjẹ́. Ohun tí ìlà ń wọ̀n ni bí fóònù ṣe ń gbọ́ òpó dáadáa tó. Kò sọ ohunkóhun nípa bóyá òpó ń gbọ́ fóònù. Òpó ń fi ogún wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fọhùn, láti orí áńtẹ́nà gíga tó ń darí ìgbì rẹ̀ sí ibi tí wọ́n fẹ́, nígbà tí fóònù kò ní ju wáàtì kan tàbí méjì lọ, tí ọwọ́ àti orí ènìyàn sì tún ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń fún òpó ní etí tó mú ju ti fóònù lọ, wọ́n ń so áńtẹ́nà ìgbọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì lè gbé ampílífáyà àkọ́kọ́ lọ sókè òpó gan-an kí ohùn fóònù má baà kú nínú wáyà gígùn. Síbẹ̀, ní etí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, fóònù lè máa gbọ́ òpó kí òpó má gbọ́ ọ. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ó sàn kí èèyàn lọ sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó, kó sì yọ ọwọ́ kúrò níbi tí áńtẹ́nà wà, tó sábà máa ń jẹ́ ìsàlẹ̀ tàbí òkè fóònù.

Ìdí kejì tí ìlà fi lè kún kí ìpè má lọ kò kan fóònù rárá. Ọ̀nà mẹ́jọ ni fíríkúẹ́ńsì GSM kọ̀ọ̀kan ní, wọ́n sì ń yọ ó kéré tán ọ̀kan sílẹ̀ lórí òpó fún ìkéde àti ètò. Ní ọjà, ní pápá ìṣeré tàbí níbi ìpàgọ́ ẹ̀sìn, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù bá kóra jọ sábẹ́ òpó kan, gbogbo wọn lè máa gbọ́ òpó náà ketekete, kí ìlà gbogbo wọn sì kún, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ṣófo kò ní sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pe. Fóònù á béèrè ọ̀nà, òpó á ní kó dúró, ìpè á sì já kí ó tó dún lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè. Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá fi fíríkúẹ́ńsì kún un, tàbí kó gbé òpó mìíràn wá fún ọjọ́ yẹn, kò sí fóònù tó lè fi owó iyebíye rẹ̀ yanjú rẹ̀.